Orúkọ Tí Mo Kọ Sókè Ilé Alájà Mẹ́rin Àpòmù

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, wọn ò sọ fún mi. Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ọmọ mi, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ náà.

Kí wọ́n tó kọ́ ilé yẹn, kò sí ọ́fíìsì tó ga tó o láti Ìkirè dé Ìkòyí tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó. Oníkòkó kan ló ni ín. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́ta, lébìrà ni mí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a da kọnkéré òkè pátápátá, bí ọ̀gá bíríkìlà ṣe lọ jẹun, mo fi ìka kọ orúkọ mi sínú kọnkéré tútù, gàdàgbà! Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí ọ̀gá kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí i kiri pé èmi ni mo kọ́ ilé náà. Ta ni yóò bá mi jiyàn? Orí irọ́ yẹn ni mo ti di bíríkìlà ńlá.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin oníkòkó mú ẹnjiníà kan wá, obìnrin kékeré báyìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ tuntun, àwọn ń wá ẹni tó kọ́ ti àkọ́kọ́. Mo ní iṣẹ́ dé! Mo gbé agbádá wọ̀, mo ṣíwájú wọn gun àtẹ̀gùn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ wò ó, orúkọ mi rèé!"

Bí mo ṣe yí padà, irin kan tó yọ síta lára òpó kọ́ mi lágbádá. Mo fà á. Agbádá ya, kọnkéré sì já tẹ̀ lé e, gìrìrì.

Ẹnjiníà bu díẹ̀, ó fi ọwọ́ rún un. "Yanrìn lásán ni. Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ pò ó lóòótọ́?"

"Ta ni ì bá tún pò ó?" Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹni tí à ń wá gan-an nìyẹn. Ilé yìí ti fẹ́ wó lórí èèyàn."

Àṣé ẹni tí wọ́n máa pè lẹ́jọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe oníṣẹ́! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lébìrà ni mí, mo kàn ń ru kọnkéré ni!"

Ràímì, tá a jọ ru ú nígbà náà, tí irọ́ mi ti ń bí nínú tipẹ́, ti tẹ̀ lé wa gòkè. Ó ní, "Ọ̀gá bíríkìlà, àtọdúnmọ́dún lo ti ń parọ́ fún wa ni, àbí òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó gba òótọ́ mi gbọ́. Ọ̀gá tó kú, tó ń jí sìmẹ́ńtì ilé náà bù tà, orin ni wọ́n fi sin ín. Èmi tí mo ru ú, èmi ni ọ̀daràn.

Kí èèyàn tó kọ orúkọ sára iṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ eyín lásán ló ń rẹ́rìn-ín. Katapílà ti wó gbogbo ilé náà.

Ohun tó lọ nìyí: ilé kan, ọ́fíìsì méjìlá, agbádá kan, iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, àti orúkọ kan.