Ìyá Ìbejì Kan Ṣoṣo ní Mowe

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí màmá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Lotto, ládùúgbò wa ní Mowe, tí mo sì fi kóòdù pa ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù, ìyẹn kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni. Mi ò tíì lè dá odindi iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n mo ti ṣa àwọn kóòdù kéékèèké jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: èyí tó ń to orúkọ, èyí tó ń yọ orúkọ tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí mo ṣe ń ṣe fáàrí, ẹ ó rò pé èmi ni mo bí kọ̀ǹpútà. Màmá mi ò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ìfọ̀ ti ní kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo bẹ màmá mi pé kó jẹ́ kí n fi láptọ́ọ̀pù pe àwọn èèyàn síbi àdúrà ìṣíṣọ́ọ̀bù.

"Ó dáa," ló wí. "Tí wọ́n bá wá, máa bá kọ̀ǹpútà ẹ lọ. Tí wọn ò bá wá, Ìfọ̀ yá."

Mo kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà inú fóònù rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù. Ìyá Ìbejì níhìn-ín, Ìyá Ìbejì lọ́hùn-ún, Alhaja lọ bẹẹrẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn ìyá wa ò mọ fóònù lò. Mo ní kí kóòdù yọ gbogbo àwítúnwí kúrò, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ àdúrà, àga pọ̀ ju èèyàn lọ. Alhaja kan, Bàbá Sódíìkì tó ń lẹ táyà, àti Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ lódìkejì títì ló jókòó. Ááfà wo aago, ó tún wo àga. Màmá mi ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe ṣáá, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Mo sáré wọlé, mo ní kí kóòdù tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ìkánjú ò jẹ́ kí n rántí sọ fún un pé kó kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíì. Fóònù Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́ mọ́.

"Kí ló dé?" ló pariwo. "Wọ́n ní kí n tètè máa bọ̀. Mo ti dé kẹ̀! Ibo ni kí n tún máa bọ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kóòdù ni."

"Àwọn yòókù dà? Ìyá Ìbejì oníṣu, Ìyá Ìbejì ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí? Àbí èmi nìkan ni mo bí ìbejì ní Mowe?"

Ìgbà yẹn lojú mi là. Gbogbo àwítúnwí tí mo yọ, èèyàn ni wọ́n!

"Màámi, báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀ nínú fóònù?"

"Ìdí nọ́ńbà, ibi tó parí sí, ni mò ń wò. O ò bi mí."

Ìyá Ìbejì ò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó jáde síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu: "Gbogbo ìyá ìbejì o! Ẹ máa bọ̀ o!" Ọ̀kan fi ọwọ́ tó kún fún èlùbọ́ jáde, òmíì dìde níbi tó ti ń dirun, ìdajì orí nìkan ló tíì dì. Alhaja náà ò gbà kí òun gbẹ́yìn, ló bá ń pe àwọn Alhaja ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́, àga ò tó mọ́. Àmín wọn mi ṣọ́ọ̀bù tìtì.

Mo sún mọ́ màmá mi, mo ní, "Ṣé kí n lọ di ẹrù Ìfọ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹrù wo? Lọ kí àwọn ìyá ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o mọ̀ wọ́n, kí o tó padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà ẹ̀wù mi fi pọ́n fún erùpẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ kóòdù náà ni mo fi ń jẹun. Kóòdù tó ń yọ àwítúnwí ṣì wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ nọ́ńbà ló ń wò báyìí, kì í ṣe orúkọ, mo sì máa ń béèrè kí n tó pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìyàwó mi bímọ láìpẹ́ yìí, Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo yọjú wo fóònù màmá mi bó ṣe ń fi nọ́ńbà ìyàwó mi pa mọ́. Ìyá Ìbejì ló kọ, bíi ti àwọn yòókù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rántí Ìfọ̀, mo bá rọra rẹ́rìn-ín.