Àjàgbé Ọmọ Agòkè-má-wẹ̀yìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ìdílé tèmi ló jìyà rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní.

Nílùú wa, ẹni tó bá máa jẹ oyè Olóke gbọ́dọ̀ já ewé akòko wá láti orí òkè ìlú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já a dé, ilé rẹ̀ ni oyè náà yóò máa wà títí láé. Kí ewé tó dé, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tẹ òkè. Àjàgbé, bàbá bàbá mi, àti Láṣebìkan ni wọ́n jọ ń du oyè ọ̀hún. Wọn ò tí ì gùn dé ìdajì tí òjò fi dé. Omi ń ṣàn lórí àpáta, ọ̀nà wá ń yọ̀ bí ilá.

Láṣebìkan dúró. Ó ní, "Àjàgbé, ọ̀nà yìí ti bàjẹ́. Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, ká padà wá nígbà tó bá gbẹ."

Ká má purọ́, bàbá mi àgbà fẹ́ padà. Àfi bí Awẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti sá fún òjò sínú ihò àpáta nísàlẹ̀ òkè, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àjàgbé, ọmọ agòkè-má-wẹ̀yìn."

Orí bàbá wú. Ó ní, "O gbọ́? Ilé wa kì í padà."

Láṣebìkan lọ sílé, ó lọ yáná.

Bàbá gùn díẹ̀, ó yọ̀, fìlà lọ. Ó ní òun ń sọ̀ kalẹ̀, Awẹ̀ró bá tún kì í. Ó tún gùn, ó tún yọ̀, bàtà lọ. Awẹ̀ró tún kì í. Ìgbà kẹta, ẹ̀gún gba ṣòkòtò, ẹsẹ̀ rọ́, ó sì há sórí àpáta kan. Ohùn Awẹ̀ró ti há nígbà náà, ó ti lọ sílé lọ jẹun.

Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá fi jókòó síbẹ̀, tó ń lá omi ara òkúta. Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ràn, Láṣebìkan sì ń súfèé bọ̀.

Ó ní, "Àjàgbé, o kú ìjókòó."

Ó kọjá lọ. Ó já akòko rẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó pọn bàbá mi àgbà sọ̀ kalẹ̀ láìsí ṣòkòtò, lójú gbogbo ìlú. Awẹ̀ró rí i, ó tún la ẹnu.

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí mọ́. Ọmọ agòkè-má-wẹ̀yìn tí mo jẹ́ ti tó."

Ilé Láṣebìkan ló ń jẹ Olóke dòní. Àwa là ń gbá ojú ọ̀nà òkè fún wọn. Tí wọ́n bá wá gun òkè, tí òjò ṣú, ọmọ wọn á tún kọjú sí mi, á máa pa òwe ilé mi fún mi pé: bàbá, bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí.