Àkàrà Ọba Yìnyín

Bí ẹ bá dé Ẹ̀gbẹ́dá ní nǹkan bí ọdún 2009, tí ẹ kò kí Wàsíù, kò burú, òun ti kí ara rẹ̀. "Wàsíù Ọba Yìnyín! Sọmidòkúta! Fíríìjì kú, ó jí i!" Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ oríkì yìí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Wàsíù mọ fíríìjì tún ṣe, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìmọ̀ náà pamọ́ bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ fún ológbò. Bí ó bá fẹ́ fi gáàsì sí fíríìjì, á fa aṣọ bo orí ara rẹ̀ àti ẹ̀yìn fíríìjì, á wá ké sí Olúbọ̀dé, géńdé onírùngbọ̀n tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dé, sáré lọ ra àkàrà wá. Kó gbóná o!"

Kí Bọ̀dé tó dé, iṣẹ́ ti parí.

"Ẹni tó bá kọ́ adìẹ bí wọ́n ṣe ń ta ẹyin," Wàsíù á wí, "ebi ni yóò pa á." Kò sí àgbàlagbà kankan tó gbọ́ òwe yìí rí.

Ní Command, àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá, gbangba ni Zacchaeus ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ wò, kó wò. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè, kó bèèrè. Wàsíù fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ó ń kọ́ àwọn tí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ jàre!"

Àwọn tí Zacchaeus kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnìkan bá rí ọgbọ́n tuntun, á kọ́ àwọn yòókù. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara fíríìjì kó dé, àwọn tó ń kùn ún lọ́dà náà dé. Nígbà tó yá, àwọn ará Ìdímù ń gbé fíríìjì kọjá níwájú Wàsíù lọ sí Command, wọ́n sì ń juwọ́ sí i. Ìjuwọ́ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ni Wàsíù bá pète àtidi alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, kó lè fi àṣẹ dá ẹ̀kọ́ gbangba Zacchaeus dúró. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò bá tíì fún ọmọ iṣẹ́ ní fríìdọ̀mù kò lè ṣe alága, ọmọ iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ìyẹn náà ṣòro ni?" ni Wàsíù wí. "Ṣebí ẹ̀yìn mi ni Bọ̀dé wà láti ọjọ́ yìí."

Lọ́jọ́ fríìdọ̀mù, agbádá Wàsíù ń gbálẹ̀. Zacchaeus gbé fíríìjì kan kalẹ̀. "Ọ̀gá tuntun, bá wa fi gáàsì sí i."

Bọ̀dé fa aṣọ jáde. Ó bo orí ara rẹ̀, ó bo ẹ̀yìn fíríìjì. Wàsíù rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Zacchaeus. Ni ohùn Bọ̀dé bá jáde lábẹ́ aṣọ:

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o. Ẹ bá mi sáré ra àkàrà wá. Kó gbóná o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dé," ni Zacchaeus wí, "kí ni àkàrà fẹ́ ṣe fún gáàsì?"

"Èmi náà ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tíì lọ ra àkàrà, fíríìjì kì í tutù. Bí mo bá ti rà á dé báyìí, ó ti tutù nìyẹn."

Wàsíù fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ojú tì í, kò síbi tó lè wọ̀. Ó wá dà bíi pé ara rẹ̀ ló ń wò lábẹ́ aṣọ yẹn, tó làágùn, tí agídí kún orí rẹ̀, ni ẹ̀rín bá gbé òun náà.

"Ẹ má bú u," ó wí. "Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe yẹn. Kò gbàgbé ọ̀kankan."

Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, wọ́n ti fi Zacchaeus ṣe alága. Wàsíù ká agbádá léjìká, ó gba ìdí agbada epo lọ.

"Háà, Ọba Yìnyín fúnra wọn!" ni Ìyá Hope, alákàrà, wí. "Bọ̀dé dà? Ta ló rán yín?"

"Bọ̀dé náà ni, ìyá," Wàsíù dáhùn. "Ó ní kó gbóná o."