Girdhari Tó Ni Wàrà Ikọ́

Ẹjọ́ kan dé abẹ́ igi dóńgóyárò Baálẹ̀ Jorawar lánàá, ẹjọ́ ọkọ ọmọ àti ìyá ìyàwó. Ìyá àgbà Dhapu fa ìborùn bojú. Bí ó bá jẹ̀bi, kò ní gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Girdhari, ọkọ ọmọ rẹ̀, ti búra bẹ́ẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Girdhari, kí ni ìyá fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Olè ni wọ́n, Baálẹ̀! Lọ́yà ti bá mi gba ìwé àṣẹ nílùú ńlá. Wàrà gbígbóná tí a po atalẹ̀ pupa àti oyin mọ́, tí a fi ń wo ikọ́, èmi ni mo ni ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pò ó láìtọrọ lọ́wọ́ mi. Ni ìyá bá lọ pò ó fún ọmọ!"

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mi."

"Ṣé ikọ́ náà lọ?"

"Ó lọ! Ibi tó dùn mí jù nìyẹn!"

Baba Ladu, àgbà ìgbìmọ̀, húkọ́ díẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pò ó?"

Girdhari wolẹ̀. "Ìyá ni. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàwé."

Baálẹ̀ yíjú. "Ìyá Dhapu, ṣé ẹ pò ó?"

"Mo pò ó, Baálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi wo ikọ́. Mo fẹ́ fi pa ìborùn mi láró ni."

"Nínú wàrà?"

"Ìborùn mi ti ṣá. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, ọmọ yanu, wàrà wọlé. Ikọ́ rí i, ó fẹsẹ̀ fẹ. Ṣé èmi ni mo lé e?"

"Oyin tí ẹ bù sí i ńkọ́?"

"Kí aṣọ má baà korò lọ́rùn mi ni."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Girdhari ké sí ẹlẹ́rìí rẹ̀, Hazari onígbàjámọ̀.

"Mo fojú mi rí i! Ìyá ń fi ṣíbí rọ ọ́ sọ́mọ lẹ́nu."

Baálẹ̀ bi í, "Kí lo lọ ṣe nílé wọn?"

"Mo lọ gba tèmi ni."

"Tìrẹ wo?"

"Wàrà."

Girdhari fò dìde. "Hazari! Ìwọ náà?"

"Ife kan péré ni o. Aṣọ lèmi náà fẹ́ pa láró!"

Ni Mangi, ìyàwó Girdhari, bá gbọ́mọ dìde. "Ẹ fi màmá mi sílẹ̀. Èmi ni mo pò ó. Ọmọ ń húkọ́, bàbá ẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ lọ́yà."

"Irọ́ ló ń pa!" ni Dhapu ké. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má baà lé ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ. "Èmi olè ni mo pò ó!"

"Màmá, ẹ dákẹ́!"

"Ìwọ ni kó o dákẹ́! Olè ò tíì tó ẹ ṣe!"

Baálẹ̀ na ọ̀pá sókè. "Ó tó. Girdhari jàre, òun ló ni wàrà. Ẹni tó bá sì ni oògùn ló ni àrùn. Láti òní lọ, gbogbo ikọ́ ìlú yìí, ti Girdhari ni. Ẹni tó bá ń húkọ́, kó gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, kó sì sùn ní gbàgede rẹ̀ títí yóò fi san."

Lẹ́yìn náà ni Hazari húkọ́. Ẹlòmíràn dá a lóhùn. Baba Ladu, tó ti ń húkọ́ láti ìgbà èwe, ká ẹní rẹ̀, ó bèèrè bóyá òun lè mú àwọn ewúrẹ́ òun dání.

Girdhari dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ mú. "Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ gba wàrà yín!"

Dhapu ṣí ìborùn lójú, ó kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ Mangi. "Mo gba wàrà, ọkọ ọmọ mi. Ikọ́ ni mi ò gbà. Ìyẹn, ìwọ lo níwèé ẹ̀."