Ìyá Oníwèé Ń Sọ Òpin Ìwé Fún Mi

Jíínjín.

Agogo kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìwé ìlú wa, kò tóbi ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ. Bí èèyàn bá wọlé, á ní jíínjín. Bí ó bá jáde, á tún ní jíínjín. Níbi tí mo wà báyìí, ilẹ̀kùn fúnra wọn ló ń ṣí, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga mi, agogo yẹn ni mo máa ń gbọ́. Òun náà ló sì bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àná tí mo ń wí yìí ti pé ọdún mẹ́tàlá, àmọ́ àgbàlagbà tó bá ti pẹ́ lájò, gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ nílé, àná ló ṣẹlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ààfin nígbà náà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo máa ń kọ, mi ò kì í dá sí i.

Kábíyèsí ti jókòó, àwọn ìjòyè mẹ́fà ti jókòó, Ìjòyè Àgbà sì ti sùn lọ kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Ẹni tó pẹjọ́ ni tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mo-Kàn-Ń-Wò, nítorí pé ogún ọdún ló fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé lójoojúmọ́, bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló fẹ́ rà, á ní, "Mo kàn ń wò ni." Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ìyá Oníwèé, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń fi dígí kan sójú, tó máa ń gbàgbé òmíràn sórí. Ṣọ́ọ̀bù ìwé mẹ́ta ló wà ní òpópónà yẹn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, èkejì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta àpò fóònù. Tirẹ̀ nìkan ló kù, òun náà sì ti lẹ bébà mọ́ fèrèsé pé bí oṣù bá ti parí, òun á ti ilẹ̀kùn pa.

"Tísà," Kábíyèsí ní, "kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ìyá Oníwèé ń sọ òpin ìwé fún mi."

"Ìwé wo?"

"Gbogbo ìwé, Kábíyèsí! Mẹ́rìnlá! Mi ò tíì ka ojú ewé kẹta tán, á ti yọrí lójú fèrèsé: 'Tísà, nọ́ọ̀sì yẹn ni ìyá ọmọ náà o!' Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé kan tí wọ́n ti pa olówó kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura sí àbúrò olówó yẹn ni o. Ó pariwo sí mi: 'Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ló pa á!'"

Àwọn ìjòyè mí kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mi orí. "Ìkà ni obìnrin yìí."

"Ìyá Oníwèé, ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ tó sọ?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí, ó kàn dín in kù ni. Mẹ́rìnlá kọ́, mẹ́rìndínlógún ni. Ọkọ̀ ńlá ló ń kọjá nígbà tí mo sọ méjì, kò gbọ́ mi. Mo lè tún un sọ níbí."

"Rárá o!" Tísà fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ìyá Oníwèé, kí ló dé tó o fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i?" Kábíyèsí ní.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi bi í, ta ló júwe àwọn ìwé náà fún un? Èmi ni. Á wọlé, agogo á dún. Á gbé ìwé, á fi imú sí i bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò wò. Á ní, 'Ìyá, èyí ńkọ́?' Màá ní, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, irọ́ ibẹ̀ ò dùn. Èyí ni kẹ́ ẹ mú, á pa yín lẹ́kún. Yóò kà á lóòró fún wákàtí méjì gbáko. Sìmẹ́ńtì ibi tó ń dúró sí ti jin, adìyẹ lè mumi níbẹ̀! Tó bá wá dé ibi tó dùn, á dá ìwé padà, 'Mo kàn ń wò ni.' Agogo á tún dún. Kò tilẹ̀ ní dé ilé, Kábíyèsí! Orí àtẹ̀gùn mi ló ti máa tẹ fóònù, tí yóò fa ìwé yẹn gan-an sórí ẹ̀. Gbogbo ìlú ti kọ́ ọ lára ẹ̀. Agogo mi lè dún nígbà ogójì lóòjọ́, ìwé kan ò ní kúrò lórí pákó."

"Ìyẹn lo fi ń sọ òpin ìwé?"

"Mo rò ó ni, Kábíyèsí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ọ̀dọ̀ mi ló ti kà á. Àárín rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi náà ni. Ṣé òpin nìkan ni kí n wá fi dù ú? Mo kúkú fi ṣe é lóore."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Tísà fò dìde.

"Ẹ gbọ́, oore! Kí ni fóònù mi ṣe fún un? Ìwé inú fóònù ò wúwo, kì í ya, ikán kì í jẹ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún ìwé ló lè wọ àpò ṣòkòtò mi yìí!"

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò náà máa kà á," Ìyá Oníwèé dáhùn.

Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù náà jáde, ó so téèpù mọ́ ọrùn.

"Kí lo rí, Télọ̀?"

"Mo rí gbogbo ẹ̀ pátá, Kábíyèsí. Tísà kì í fọwọ́ kan fóònù lórí àtẹ̀gùn yẹn. Aago ló máa ń wò."

"Aago wo? Kò sí aago lọ́wọ́ ẹ̀."

Télọ̀ yẹ ọwọ́ Tísà wò, ọ̀tún àti òsì. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóònù, Kábíyèsí."

"Ìwọ fúnra ẹ, ṣé o máa ń ra ìwé?"

"Èmi? Mi ò kì í kàwé, Kábíyèsí. Òwú ni mò ń fi sójú abẹ́rẹ́."

"Irọ́ ló ń pa!" Ìyá Oníwèé nàka sí i. "Fóònù ló ń ka ìwé sí i létí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ! Ọjọ́ tí ìwé ọ̀hún dé ibi tí ọkọ ti padà wálé, ṣebí ẹsẹ̀ ṣòkòtò lo rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù Onígbàjámọ̀?"

"Ẹ̀wù ọ̀hún rèé!" Onígbàjámọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn, ó nà án sókè. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà ń fì bí ìrù màlúù.

Télọ̀ rọra padà sí àyè ẹ̀. Wọ́n pe ìyàwó Tísà.

"Èmi ò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o, Kábíyèsí. Kí ẹ kàn bá mi wo imú ọkọ mi."

Gbogbo wa na ọrùn. Egbò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó pupa rọ́rọ́.

"Fóònù ló ṣe é. Á fẹ̀yìn lélẹ̀, á gbé e sókè báyìí, á ní kí n má pariwo, òun ń kàwé. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ẹ̀ta, ó ti ń hanrun, fóònù ti já lu imú."

"Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé ohun tá a jọ sọ nílé nìyí?"

"Ohun tá a jọ sọ nílé ni pé kí n wá sọ òótọ́."

Kábíyèsí na ọwọ́. "Ẹ gbé fóònù yẹn wá. Akọ̀wé, bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, fóònù náà kọ ibi tí ẹni tó ni ín kà á dé. Mo kà á sókè: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́ta. Ìdá méjì. Ìdá mẹ́ta. Mo kà á dé ìkẹrìnlá, kò sí ọ̀kan tó kọjá ìdá mẹ́ta.

"Tísà!" Kábíyèsí ní. "O ò tíì ka ìkankan! Kí wá ni obìnrin yìí bà jẹ́ fún ọ?"

Tísà bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mo ń kà wọ́n, Kábíyèsí. Ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo ti ń rí i kà."

"Kí ló dé?"

"Nílé, kò sẹ́ni tó ń bi mí níbo ni mo dé. Fóònù náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í bi mí. Tí mo bá dúró níbi tí sìmẹ́ńtì ti jin yẹn, Ìyá á gbójú sókè: 'Tísà, níbo lẹ dé?' Màá ní, ọmọbìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lẹ́tà náà ni. Á rẹ́rìn-ín sínú, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń ka èyí tó kù. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo ní kí n yáa kó àwọn ìwé náà pamọ́ sínú fóònù, kí n má bàa pàdánù wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òpin wọn. Ó dà bí ẹni pé ó ń lé mi lọ."

Ìyá Oníwèé bọ́ dígí ojú ẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń fi ọwọ́ kejì wá dígí náà kiri àyà.

"Tísà," ó ní, "ẹni tó bá ń lé èèyàn lọ, ṣé ó máa ń yọrí lójú fèrèsé pariwo tẹ̀lé e?"

Àfi bí Ìjòyè Àgbà ṣe lajú lójijì. "Ìwé ọkọ̀ ojú omi yẹn ńkọ́," ó ní, "èyí tí wúrà ti sọnù nínú ẹ̀? Ta ló jí i gan-an?"

"Ọ̀gá ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ ni, Bàbá," Ìyá Oníwèé dáhùn.

"Ìyá Oníwèé!" Kábíyèsí ti wà lórí ìdúró. "Ojú ewé ogójì ni mo ṣì wà!"

Ìyá Oníwèé kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kábíyèsí o. Mi ò kàn rántí ọjọ́ tí mo ta ìwé yẹn fún ààfin ni."

Ojú gbogbo wa lọ sábẹ́ ìrọ̀rí Kábíyèsí, níbi tí iná fóònù kan ti ń tàn bíi mànàmáná. Kábíyèsí wo òkè àjà. Ó wo ilẹ̀.

"Mo… mo kàn ń wò ni," ó ní.

Ẹ̀rín tó sọ láàfin lọ́jọ́ náà, Télọ̀ ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Kábíyèsí pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kó tó jókòó, tó wúkọ́.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà. Ẹni tó bá fa ìwé sórí fóònù láì wọ ṣọ́ọ̀bù, kó máa kà á ní àlàáfíà. Fóònù kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé lọ́dọ̀ Ìyá Oníwèé, tó gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹ̀, tó wá lọ fà á sórí fóònù, òpin ìwé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ìyá Oníwèé ló ni ín. Ó lè sọ ọ́ lójú fèrèsé, ó lè fi gbohùngbohùn kéde ẹ̀ yí ilé ká. A ò yọ adé sílẹ̀."

"Kábíyèsí o!"

"Tísà, wàá dúró síbi tí sìmẹ́ńtì ti jin yẹn, wàá ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láti orí bébà, sókè ketekete, kí ẹni tí ojú ń dùn lè gbọ́. Ọjọ́ tó o bá tòògbé, kí wọ́n ju ìwé atúmọ̀ èdè lù ọ́ nímú. Kí wọ́n mú èyí tó nípọn jù."

Ìyàwó Tísà pàtẹ́wọ́.

"Má tíì yọ̀, Ìyá Oníwèé, ẹ̀wọ̀n tìẹ náà ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó wà láàfin yìí, àtorí mi dórí akọ̀wé, á ra ìwé kan lónìí. Ìwọ lo máa bi wọ́n níbo ni wọ́n dé. Bébà tó o lẹ̀ mọ́ fèrèsé, lọ ya á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì wà láàárín ìwé tó rà lọ́wọ́ ẹ, o ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti parí."

Agogo náà ò sinmi lọ́jọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwé tí Ìyá Oníwèé mú fún èmi dá lórí atukọ̀ kan tó gbé èrò sọdá odò, tí kò tètè padà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọmọ mi ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun gbé lókè òkun. Mo ní ọdún kan péré ni màá lò. Ìwé náà wà nínú àpótí mi.

Àbúrò mi ló ń sọ ti ilé fún mi. Ó ní Kábíyèsí ti parí tirẹ̀. Télọ̀ parí tirẹ̀, ó sì rán ẹ̀wù tuntun fún Onígbàjámọ̀. Tísà ka mẹ́rìnlá tán, ó fà á títí bí ọmọ tó ń lá nǹkan dídùn díẹ̀díẹ̀, ó mú ìkẹẹ̀ẹ́dógún kí ilẹ̀kùn má bàa tì. Oṣù tó kọjá ló ka èyí tó kẹ́yìn parí, tí ìyàwó ẹ̀ ní kó fẹsẹ̀ sinmi díẹ̀ ná. Àwọn ọmọ Ìyá Oníwèé náà ti ń sọ pé ó ti tó kí ìyá àwọn náà sinmi. Ìyá Oníwèé ṣí ìwé tó kọ orúkọ àwọn tó ra ìwé lọ́jọ́ náà sí, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ó ní kí àbúrò mi bá òun bi mí, gẹ́gẹ́ bó ti ń bi mí lọ́dọọdún tí mi ò dáhùn: "Akọ̀wé, níbo lẹ dé?"

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dáhùn láti ọjọ́ yìí. Mo gbé àga mi sún mọ́ fèrèsé, mo mú fóònù, mo tẹ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i:

"Ìyá, mo jẹ̀bi. Ojú mi ti di ojú àgbà, mo fa ìwé náà sórí fóònù kí lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi. Òpin rẹ̀ ti di tiyín. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́ o, mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta ni mo dé. Mo ṣì wà láàárín. Ẹ má ti ilẹ̀kùn."