Ìgò tí Verlin Rì Mọ́lẹ̀ Nítorí Òjò

Ní agbègbè tiwa ní Kentucky, kò sí bàbá ìyàwó tí kò mọ̀ ọ́n: tó bá ku oṣù kan kí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, á ra ìgò bọ́bìn kan, ọtí líle tí wọ́n fi àgbàdo pọn, á dorí rẹ̀ kodò, á rì í mọ́lẹ̀ síbi tí ọmọ náà máa dúró sí gan-an, òjò ò sì ní rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Darla, kí àlejò kankan tó dé, bàbá rẹ̀ Verlin Cundiff, àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, dúró láàárín àwọn àga funfun lórí pápá ẹ̀yìn ilé, nínú kóòtù tó há a mọ́ra, ó ń wo ojú ọ̀run tó ṣú bolẹ̀. Royce, àbúrò Oleta ìyàwó ẹ̀, tó ń ta sìgá ńlá ní Louisville tí kò sì sí nǹkan tí kò mọ̀ láyé yìí, sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń bọ̀ wá bá a.

Royce: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o! Ẹ kú ìnáwó!

Verlin: Kú àbọ̀. Wòkè.

Royce: (ó wòkè) Ó ṣú.

Verlin: Mo mọ̀ pé ó ṣú. Èmi ni mo ní kí o wò ó.

Royce: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣebí ẹ ti ri bọ́bìn mọ́lẹ̀?

Verlin: Rárá.

Royce: Rárá kẹ̀?

Verlin: Ráì ni mo rì.

Royce: Ráì! Ẹ̀gbọ́n, ọtí ọkà ráì! Ta ló ń fi ráì lé òjò?

Verlin: Ẹni tí àna ẹ̀ bá pè lórí fóònù. O ní sìgá tí o fi ránṣẹ́ yẹn le. O ní bọ́bìn ti dùn jù fún un. O ní ráì ni kí n rà, torí ó ń ta lẹ́nu bí ata.

Royce: Mo sọ ọ́, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni! Bọ́bìn á kàn wólẹ̀ níwájú sìgá yẹn ni. Ṣùgbọ́n ráì! Ráì á ta á, òun náà á rọ ráì lójú, wọ́n á máa dá ara wọn lóhùn lẹ́nu èèyàn bíi tọkọtaya.

Verlin: Bíi tọkọtaya. Èwo lọkọ?

Royce: (ó ronú) Sìgá.

Verlin: Abájọ. Òun ló máa ń jóná tán.

Royce: Ṣùgbọ́n ti mímu ni mo ń sọ o! Mi ò sọ ti òjò!

Verlin: Ìgò tí a bá rì náà la máa ń hú tí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ tán. Òun náà la máa ń mu. Ìwọ ní ráì la máa mu. Kí n wá ri kí ni?

Royce ti fìlà ẹ̀ sẹ́yìn, ó wo pápá náà yí ká. 

Royce: Kò burú. Kò burú rárá. Ẹ ṣáà ti háyà àgọ́ ńlá, àbí?

Verlin: Oleta fẹ́ háyà àgọ́. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà, mo ti ri ìgò.

Royce: Yéè.

Verlin: Oleta ló se oúnjẹ. Ìyá ẹ ló rán aṣọ. Àwọn ará ilé ọkọ ló mú olórin wá. Mo bi wọ́n pé kí ni kí èmi ṣe. Wọ́n wojú ara wọn. Ni Oleta bá ní, “Verlin, ìwọ mójú tó òjò.” Òjò nìkan ni wọ́n fún mi, Royce. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Àyà mi ń já látàárọ̀.

Royce: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọtí lọtí ń jẹ́. Ṣebí ẹ dorí ẹ̀ kodò bó ṣe yẹ?

Verlin: Mo tẹ́ ẹ gbalaja.

Royce: Kí ló dé?

Verlin: O ní bó bá dúró lóòró, ó máa bàjẹ́.

Royce: Sìgá nìyẹn! Sìgá ni mo ní kí ẹ tẹ́ gbalaja!

Verlin: Inú àpótí kan náà ni wọ́n wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tẹ́ ìkan kí n gbé ìkejì dúró?

 Mààlúù kan dún lókèèrè.

Royce: Inú àpótí wo?

Verlin: Àpótí irinṣẹ́ mi.

Royce: Ẹ̀gbọ́n. Àwọn sìgá mi dà?

Verlin fi ìmú bàtà kan ilẹ̀ níwájú ara ẹ̀, jẹ́jẹ́.

Royce: Háà! Ẹ sin sìgá mi!

Verlin: O ní ibi tó tutù, tó lọ́rinrin díẹ̀, tí oòrùn ò dé. Mo wo gbogbo oko yìí yí ká. Kò síbi tó tutù, tó lọ́rinrin, tí oòrùn ò dé, bí abẹ́ ilẹ̀. O tún ní kí n jẹ́ kí òun àti ráì mọra wọn kí ọjọ́ tó pé. Mo ní kò síṣòro, mo ṣáà fẹ́ gbẹ́ ihò tẹ́lẹ̀.

Royce: Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ní lọ́kàn!

Verlin: O ò sọ kọ́bọ́ọ̀dù. O sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, o ò sọ kọ́bọ́ọ̀dù. O wá ní kí n máa yí wọn padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Royce: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́.

Verlin: Gbogbo ọjọ́ Sunday, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń hú wọn, mo máa ń yí wọn, mo máa ń dá wọn padà. Pásítọ̀ rí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní ta ni mo sin. Mo ní sìgá. Ó bá mi gbàdúrà.

Royce: (ó dọwọ́ borí) Mo ti sọ fún bàbá ọkọ Darla pé kò tíì fa irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀.

Verlin: Kò tíì fa irú ẹ̀ rí.

Royce bọ́ kóòtù ẹ̀, ó fi há ẹ̀yìn àga, ó mú ṣọ́bìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

Verlin: Fi sílẹ̀. Ìgò kì í jáde kí wọ́n tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Bó bá jáde, òjò máa rọ̀.

Royce: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ri ráì dípò bọ́bìn. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja. Ẹ ń hú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí iṣu. Èèwọ̀ wo ló kù tí ẹ ò tíì jẹ?

Verlin: (ó ronú) Kò kù.

Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ̀, torí Royce kò mọ ṣọ́bìrì mú, ó sì gbẹ́ ilẹ̀. Àpótí jáde. Ìgò wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Àwọn sìgá náà wà níbẹ̀, wọ́n wú, wọ́n rọ̀, wọ́n sì ti mú àwọ̀ ilẹ̀. Royce mú ìkan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó gé e lórí, ó ṣáná sí i, ó tún ṣáná, ó tún ṣáná. Nígbà tó yá, èéfín yọ.

Verlin: Ṣé o fẹ́ fa á náà ni?

Royce: Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi bu ráì yẹn sínú ìdérí. (ó fa á, ó mu ọtí, ó dijú) Ẹ dákẹ́. Ó ń bọ̀. Ilẹ̀ tútù.

Verlin: Bẹ́ẹ̀ ni.

Royce: Gbòǹgbò koríko.

Verlin: Bẹ́ẹ̀ ni.

Royce: Irin. Irin tó dípẹtà díẹ̀.

Verlin: Àpótí irinṣẹ́ mi nìyẹn.

Royce: Nǹkan kan tún wà lábẹ́ ẹ̀. Ó rọ̀. Ó ń yọ̀. Ó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹnu mi kò tíì pàdé ẹ̀ rí.

Verlin gba sìgá náà, ó wo ìdí ẹ̀ dáadáa.

Verlin: Ekòló ni.

Royce ò lajú. Ó tún mu ráì díẹ̀ sí i.

Royce: Ó bá a mu.

Verlin: (òun náà gbé ìgò sẹ́nu, ó mu ún, ó tún mu ún) Ó ta.

Royce: Kí lẹ tún gbọ́ nínú ẹ̀?

Verlin: Ọtí.

Royce: Kí ló wá kù lẹ́nu yín lẹ́yìn ọtí?

Verlin: Ọtí.

Ẹ̀kán omi kan já bọ́ sórí fìlà Royce. Òmíràn já bọ́ sínú ihò.

Verlin: Royce. Ó ti bẹ̀rẹ̀.

Royce: Ẹ dá a padà! Ẹ dá a padà kíá! Ẹ dorí ẹ̀ kodò!

Verlin: A ti mu ún dé ìdajì.

Royce: Kò burú. Ìdajì ìgò, ìdajì òjò. Ìṣirò ni.

Verlin: Ìdajì wo? Apá ọ̀tún ni ará ilé ọkọ máa jókòó sí. Apá òsì ni tiwa.

Royce wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó rọra tẹ ìgò náà sí apá òsì ihò. Òjò sì rọ̀ sí apá òsì, ó rọ̀ sí apá ọ̀tún, ó rọ̀ sí Royce lẹ́yìn ọrùn. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Royce: (ó dìde) Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Verlin: Bẹ́ẹ̀ ni.

Royce: Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ pé rárá?

Verlin: Ó dùn mí, Royce. Ó dùn mí wọra. Láti kékeré lọmọ yẹn ti máa ń bi mí láàárọ̀ bóyá òjò máa rọ̀, ohun tí mo bá sì sọ ló máa ń gbà gbọ́. Láàárọ̀ yìí ó tún bi mí. Mo ní kò ní rọ̀.

 Verlin yí padà, ó gba inú òjò lọ síbi tí katakata ẹ̀ wà, ó tú agboorùn ńlá tó wà lórí ẹ̀, èyí tí oòrùn ti gba àwọ̀ ẹ̀ lọ. Ó gbé e wá, ó dúró létí ihò, ó ṣí i. Ó gba èèyàn mẹ́ta láìfún.

Royce: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Verlin: Màá dúró lẹ́yìn Darla àti ọkọ ẹ̀, màá gbé e bò wọ́n lórí.

Royce: Ẹ̀gbọ́n, bàbá ìyàwó á fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ ni, á sì lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Verlin: Màá fà á lé e lọ́wọ́. Mi ò ní lọ jókòó.

Royce: Títí wọ́n á fi jẹ́jẹ̀ẹ́ tán?

Verlin: Títí òjò á fi dá. Wọ́n ní kí n mójú tó òjò. Wọn ò ní kí n dá a dúró.

Royce bọ́ fìlà ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ẹ̀, ó ní òjò ni. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ṣí gbàgà, tí ohùn Oleta já sórí pápá: “Verlin! Ta ló gbẹ́ ihò síbi tí ọmọ mi fẹ́ dúró sí?”

Royce: (kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́) Ta ló máa lọ dá a lóhùn?

Verlin: Ìwọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Agboorùn wà lọ́wọ́ tèmi.

Royce: (ó yọ ìgò kúrò nínú ihò, ó wo ìyókù ọtí inú ẹ̀, ó wo àpótí sìgá) Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sìgá wo ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu?

Verlin: Kò sí sìgá tó bá Oleta mu. Mu ọtí yẹn lásán, kó o máa lọ.