Ẹ̀wù Irin Bàbá Ìyàwó Mi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan láyé mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Sunday tí mo lọ kí bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Ilobi. Ojú ṣì máa ń tì mí tí mo bá rántí ẹ̀, ẹ̀rín á sì tún máa pa mí. A ò tíì ṣègbéyàwó nígbà yẹn. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ilaro, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ń ṣe tíṣà nítòsí ibẹ̀. Àwọn òbí mi ti ṣe tán láti wá tọrọ ẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tá a bá ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀ pé kí wọ́n mú ọjọ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ kí n ṣì wo ọmọkùnrin yìí dáadáa."

Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè lọ sóko mọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, ni ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kútọnu bá ra fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí wọn. Inú fóònù yẹn ni Bàbá ti bá géèmù kan pàdé, tí wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀ ju redíò lọ. Nínú géèmù náà, ẹ ó wọ ihò kan tó jìn wọnú ilẹ̀, ẹ ó máa bá iwin àti egungun òkú jà láti yàrá kan sí òmíràn. Òkúta pupa kan wà tẹ́ ẹ máa ń rí he níbẹ̀. Òun lẹ máa fi ró ìhámọ́ra yín lágbára: tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀kan sí ẹ̀wù irin, ẹ̀wù yẹn á le sí i, á sì wúwo sí i. Tí jagunjagun yín bá wá kú sínú ihò, ó tán nìyẹn. Kò tún jí mọ́.

Bàbá ti ń tọ́jú jagunjagun tiwọn bọ̀ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Tafàtafà ni. Àjàní ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹnu mi ló kó mi sí wàhálà. Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ fún mi pé géèmù yìí ni bàbá òun ń ṣe, mo ní mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ká sòótọ́, mo máa ń ṣe é, àmọ́ àwọn yàrá òkè-òkè ni mo mọ̀, níbi tí kò ti sí nǹkan gidi tó ń lé èèyàn. Ọ̀rọ̀ dé etí Bàbá, wọ́n ní kí n wá ká jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òmìrán tó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ ihò. Lójú ọ̀nà, Mọ́rẹ́nikẹ́ là á yé mi. "Tó o bá bá wọn débẹ̀ láyọ̀, ọ̀rọ̀ tiwa ti yanjú. Àmọ́ tí Àjàní bá kú sí ẹ lọ́wọ́, má tíì pe àwọn òbí ẹ o."

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá ṣàdúrà fún mi, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé ọsàn sílẹ̀, ó ń bó o. Èmi mú jagunjagun onídà jáde lórí fóònù tèmi, a so fóònù méjèèjì pọ̀. Iwájú ni onídà máa ń dúró, òun ni gbogbo ẹ̀ṣẹ́ máa ń bà. Tafàtafà á dúró lẹ́yìn, á máa ta ọfà.

Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́nu ihò tó ń bá èèyàn fi òkúta sí ìhámọ́ra. Òkúta kún àpò mi dáadáa. Ẹni tórí ẹ̀ pé á fi sí ẹ̀wù ara ẹ̀, torí òun ni wọ́n fẹ́ lù. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Nílé wa, a kì í bu oúnjẹ kí àgbà tó bù. Báwo ni mo ṣe máa jókòó síwájú bàbá ìyàwó, kí n máa wọ aṣọ tuntun sára, kí wọ́n máa wò mí lójú? Géèmù náà gbà kéèyàn fi òkúta ẹ̀ sí ẹ̀wù ẹlòmíràn, ni mo bá rọra kó gbogbo ẹ̀ pátá sí ẹ̀wù irin Àjàní. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí i tó bá yá, kí wọ́n sọ pé ọmọ dáadáa lèmi.

Yàrá àkọ́kọ́, àwọn egungun òkú ya bò mí. Ẹ̀wù ara mi ò yàtọ̀ sí bébà. Gbogbo oògùn ìwòsàn tí onídà mi gbé dání ni mo mu níbẹ̀, a ò tíì rìn jìnnà.

"Ṣé ara ẹ ò yá ni?" Bàbá bi mí.

"Ara mi yá, sà."

A tún rí òkúta he nínú àpótí kan. Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Mo fi wọ́n sí bàtà Àjàní àti àṣíborí ẹ̀, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀ oore, mi ò fẹ́ kó kù síbì kan. Bí Àjàní ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nìyẹn, àfi bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gba inú ẹrẹ̀. Ọfà tó yẹ kó ta wàrà-wàrà, á gbé ọwọ́ sókè, á sinmi, kó tó ta á. Bàbá ń gbá fóònù wọn lẹ́yìn. "Fóònù yìí ti ń lọ́ra o." Wọ́n ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá àwọn nu ojú ẹ̀, bóyá omi ọsàn ló ta sí i. Mọ́rẹ́nikẹ́ nù ún. Mo wúkọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe.

Mo fẹ́ sọ pé ká padà. Ògiri kan wó dí ẹ̀yìn wa, òmìrán sì yọ níwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbá mi, asà mi fọ́. Ó tún gbá mi, ẹ̀mí mi kù díẹ̀. Tí n bá ṣubú, Àjàní ló kàn, kò sì lè sá.  Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi pé mo pa bàbá àna mi, ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

"Kí ló dé tó ò lágbára?" Bàbá wo fóònù mi, wọ́n wo tiwọn, wọ́n ṣí ibi tí ìhámọ́ra Àjàní wà. Wọ́n sún awò wọn sókè. "Ta ló di irin mọ́ mi lára báyìí?"

"Èmi ni, sà. Mo ní kí n bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Bọ̀wọ̀ fún mi? Nínú ihò? Ṣé èmi ni òmìrán ń lù ni?" Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù irin, wọ́n bọ́ àṣíborí, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jù síwájú mi nílẹ̀. Ó wá ku Àjàní pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan. "Wọ̀ ọ́."

Mi ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi rò ó. Kí n gba aṣọ lára bàbá ìyàwó mi, kí n wọ̀ ọ́ lójú wọn, kí ọmọ wọn náà sì máa wò mí? "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lára, kódà bàtà."

"Wọ̀ ọ́ kí n tó bínú sí ẹ."

Mo wọ̀ ọ́. Onídà lágbára láti ru irin, torí náà kò wúwo fún un. Òmìrán gbá mi, ó dà bíi pé ẹṣinṣin bà lé mi. Àjàní ń sáré kiri lẹ́yìn mi láìsí ẹ̀wù lọ́rùn, ọfà ń fò lọ bí òjò, òmìrán sì wó lulẹ̀.  

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé o mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ?" ni wọ́n wí. "O máa ń bọ̀wọ̀ jù. Mo rò pé tó o bá fẹ́ ọmọ mi, ilé mi níbí lo ó máa kó gbogbo nǹkan wá, torí káwọn èèyàn lè máa yìn ẹ́, òun á sì wà nílé yín láìní nǹkan kan. Ohun tó o sì ṣe lónìí gan-an nìyẹn."

Mo tẹríba. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Mo sọ fún ẹ, o sì gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì ẹ́. Ẹni tó wà níwájú ni kó o wọṣọ fún. Ìwọ àti ọmọ mi lẹ máa wà níwájú. Èmi ti dàgbà, ẹ̀yìn ni mo wà. Sọ fún àwọn òbí ẹ pé kí wọ́n máa bọ̀."

Ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fẹ̀ sí i ni, ǹ bá yí gbirigbiri. Látọjọ́ náà, nínú ihò àti níta, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi pé ta ni ẹ̀ṣẹ́ máa bà, kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Mọ́rẹ́nikẹ́ sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọ̀kadà. Ìgbà tí mo gun ọ̀kadà tán ló tó rọra wí fún mi pé, "Àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé aṣọ wá fún bàbá ìyàwó. Ìwọ nìkan ni mo rí tó gba tọrùn bàbá ìyàwó wọ̀." Mo rẹ́rìn-ín dé Ilaro. Ọlọ́kadà bi mí bóyá kó dúró kí ara mi balẹ̀, mo ní kó máa lọ, ara mi ti balẹ̀.